Ọjọ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Wa Kò Rí Èémí Mí ní Kétu

Màmá Elépo ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn Ṣábẹ fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ará Ìlaró, ó sì ta epo pupa láti ìgbà ọmọge títí irun rẹ̀ fi funfun. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí ó ti kó àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wọlé, a máa fi ẹnu tọ́ka sí ìhà òkè ọ̀hún, a ní: "Àbúrò mi Àdùkẹ́ ń bẹ ní Ṣábẹ, níbi tí òkè gbé jókòó ti ìlú bí àgbà tó ń ṣọ́ àgbàdo tí wọ́n sá."

Gbogbo àwa ọmọ ilé la mọ ìtàn náà sórí. Oníṣòwò òwú kan ló wá láti Ṣábẹ, ó rí Àdùkẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, kò sì lè jẹun mọ́. Àwọn òbí wọn ti kú. Màmá ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà, òun náà ló sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀ ẹrù lọ́jọ́ tí ó ń lọ ilé ọkọ. Tí ìtàn bá ti dé ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, Màmá á ní kí gbogbo wa lọ wẹ̀.

Bí mo ṣe rí Ṣábẹ lójú inú nìyẹn kí n tó fi ojú lásán rí i. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ń bi mí pé báwo ni ọ̀hún ti rí, ẹ gbọ́: ohun tí mo rántí jù níbẹ̀ kì í ṣe òkè. Ewé ẹ̀kọ kan ni, àwa kò sì tíì dé Ṣábẹ nígbà tí mo rí i.

Sátidé

Kò tíì pẹ́ tí ìjọba ṣí bodè tó wà láàárín àwa àti Ṣábẹ padà nígbà náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í pa fún ìgbà pípẹ́. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, Màmá ya wọ ilé mi ní Ayétòrò, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà nílé-ìwé ìjọ. Ó ru kẹ́ẹ̀gì epo kan. Kò jókòó.

"Tíṣà," ló wí, torí pé láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí ni kò ti pe orúkọ mi mọ́. "Ọmọ Àdùkẹ́ ti dé láti Àbíjáàn. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Sátidé yìí ni wọ́n ń lọ."

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Aláṣọ kan tó ń ná ọjà ibẹ̀ ni. Ìwọ wò mí. Ṣábẹ tó wà nítòsí yìí, ìgbà mélòó ni mo ti débẹ̀ rí? Ta ni yóò wá mú mi dé Àbíjáàn? Bí mi ò bá rí i kí Sátidé tó mọ́, a di ọ̀run nìyẹn."

Mo ní iṣẹ́ wà nílé-ìwé.

"Àwọn ọmọ tí ò mọ ìṣirò láti ọjọ́ yìí, ṣé ọjọ́ méjì yìí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí mo padà, mo bá Màmá tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú ọkọ̀ mi, Píjò aláwọ̀ eérú kan tí mo rà ní àlòkù. Mo rò pé ó ń gbàdúrà sí ọkọ̀ náà ni. N kò dá a dúró.

Ìmẹ̀kọ

A gbéra ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Ọyẹ́ ṣì mú, eruku pupa bo igbó lọ́tùn-ún lósì, àwọn igi kajú dúró bí ẹni tó fi àtíkè pupa para. Màmá jókòó síwájú, ó ń kọrin ìyìn, ó ń sọ orúkọ gbogbo abúlé tí a bá ń kọjá, àti ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè níbẹ̀ nígbà kan tí ó ti dárí jì.

A kò tíì rí òrùlé Ìmẹ̀kọ nígbà tí orin náà dúró.

"Tíṣà, ta ló ń dín nǹkan?"

Èmi náà ti gbóòórùn rẹ̀. Èéfín búlúù ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo dúró, mo ṣí i. Ẹ̀yin ará ilé, mo rí nǹkan! Ọ́ìlì bo gbogbo ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí èèyàn bá da omi ẹ̀wà nù. Ọ̀pá gééjì tí a fi ń wọn ọ́ìlì ti ta jáde nínú ihò rẹ̀, ó nàró gọ̀ọ́rọ́gọ́. Bí mo ṣe tì í wọlé, ó tún yọrí. Ó dàbí pé ẹnì kan wà nínú ibẹ̀ tó ń fi ọwọ́ tì í jáde.

Mẹkáníìkì tí a bá ní Ìmẹ̀kọ kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn tẹ́tí sí i láti ibi tó jókòó sí, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Ríìngì, òrùka irin inú rẹ̀, ti jẹ tán," ó wí. "Ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ wálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin."

"Ọjọ́ mẹ́rin?" Màmá yọjú láti inú ọkọ̀. "Sátidé wá ńkọ́?"

"Màmá, Sátidé ò mọ ríìngì o."

Mo lè padà sílé nígbà náà. Ayétòrò kò jìnnà sí ẹ̀yìn wa. Ṣùgbọ́n mo wo Màmá. Kò bẹ̀ mí, kò sunkún. Ó kàn gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lé itan, ó ń wo ọ̀nà tó lọ síwájú. Mo ra ọ́ìlì, mo fi rọ́bà túùbù so ọ̀pá gééjì mọ́lẹ̀, a sì ń rìn bí ìgbín lọ síhà bodè.

Láti ibẹ̀ lọ, Màmá kò kọrin mọ́. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́ ni: "Orí mi ni kò fẹ́ kí n rí i. Ọkọ̀ rẹ kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo gbé òṣì wọ̀ ọ́."

Bodè

Okùn kan ni wọ́n ta sójú ọ̀nà. Ọkùnrin aláṣọ ìjọba kan jáde láti abẹ́ igi, ó kí wa ní Faransé, ó rí i pé a kò dáhùn dáadáa, ó bá bọ́ sí Yorùbá bí ẹni tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ṣé ọkọ̀ lẹ ń wà ni, àbí ẹ ń yan ẹja?"

Ojú tì mí. Màmá dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, bí ó bá jinná, a ó fún ọ ní orí."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sọ okùn kalẹ̀. Ó sì sáré tẹ̀lé wa díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Tí ẹ bá dé Kétu, ẹ bèèrè Patirọ̀ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí ẹ́ńjìnnì yẹn o!"

Kétu

Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń jẹ́ àlejò nínú èdè ara rẹ̀? Àwọn ará Kétu gbọ́ mi, èmi náà gbọ́ wọn, síbẹ̀ kò sí ọmọdé kan tí kò mọ̀ pé mo ti òdìkejì bodè wá. Ohùn wọn ga níbi tí tiwa ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn pẹ́. Èèyàn méjì á pàdé lójú títì, wọn á béèrè ilé, ọ̀nà, oko, ewúrẹ́ àti ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn wọn á sì dúró jẹ́jẹ́, kò ní tẹ agogo. Epo bẹntiróòlù wà nínú ìgò ńlá lórí tábìlì létí títì, oòrùn ń tàn nínú wọn bí oyin. Ilé amọ̀ pupa, ilẹ̀ pupa, òwú funfun tó já bọ́ láti inú ọkọ̀ ẹrù lẹ̀ mọ́ koríko ní gbogbo ọ̀nà.

Ọkọ̀ wa rú èéfín wọ àárín ìlú. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ fi ọwọ́ júwe ilé Patirọ̀ọ́n kí a tó bèèrè. Patirọ̀ọ́n ni wọ́n ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó dé fìlà Faransé pẹlẹbẹ kan tí ọ́ìlì ti sọ di awọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àlàyé sílẹ̀: ríìngì, Ìmẹ̀kọ, Sátidé, Àbíjáàn.

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ ti mu omi?"

"Rárá, bàbá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí—"

"Ẹ̀yin ará òdìkejì, ẹ máa ń kánjú ju ọkọ̀ yín lọ. Ẹ mu omi. Ẹ jẹun. Ẹ́ńjìnnì náà ń gbóná lọ́wọ́, bí a bá bá a sọ̀rọ̀ báyìí, èébú ni yóò bú wa."

Wọ́n gbé omi wá, wọ́n gbé ẹ̀kọ wá nínú ewé pẹ̀lú ata tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà tútù àti ẹja díndín. N kò tíì jẹ ata tó ta bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó bàbá náà kúnlẹ̀ kí Màmá, ó tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ òjìji. Màmá kò lè jẹun. Ó bu òkèlè kan, ó di í mọ́wọ́ títí ó fi tutù.

Ewé

Nígbà tí Patirọ̀ọ́n dìde níkẹyìn, kò mú spánà kankan. Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n má fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń yí ọkọ̀ náà ká bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò lọ́jà. Ó tọ́ ọ́ìlì wò lẹ́nu. Ó gbóòórùn èéfín tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà, páìpù ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Èéfín yìí kò ti ẹ̀yìn wá," ó wí. "Ẹ wò ó, ẹ̀yìn mọ́. Bí ríìngì bá ti jẹ, ẹ̀yìn ni yóò ti máa tú èéfín búlúù. Èyí tó ń rú yìí, ọ́ìlì tó ń ro sórí irin gbígbóná ni. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Ó ń bì í."

"Kí ló ń mú un bì í?"

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa ewé ẹ̀kọ kan nílẹ̀, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀kọ inú rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Afẹ́fẹ́ tú jáde, fùùù! Ó gbé ewé náà lé ẹnu ihò. Ewé náà fò, ó lọ bà lé èjìká mi.

Ó tún mú un, ó tún gbé e lé e. Ó tún fò.

"Ẹ rí i?" Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. "Tíṣà, nínú ẹ́ńjìnnì, iná ń jó lókè, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ iná yẹn á máa yọ́ wọ ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le pàápàá, tirẹ̀ á máa yọ́. Àwọn tó ṣe é mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà kan tí ẹ́ńjìnnì yóò máa gbà mí èémí jáde. Bí ẹ bá dí imú àti ẹnu ẹni tó ń jẹun, ibo ni afẹ́fẹ́ máa gbà?"

"Etí," ni mo wí.

"Etí, ojú, gbogbo oríkèé! Ó ń gba gbogbo ibi tó rọ̀ jù sá jáde. Ó ta ọ̀pá gééjì dànù. Ó ń fún ọ́ìlì jáde létí gáskẹ́ẹ̀tì tó dí àárín irin méjì. Ẹ́ńjìnnì yín kò kú. Kò rí èémí mí ni."

Mo rò pé ó parí. Àmọ́ ó ní a kì í la ikùn aláìsàn tí a kò tíì bi pé níbo ló ti ń dùn ún. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó wá fi ìka tẹ̀lé rọ́bà dúdú kan láti ẹ̀gbẹ́ ihò ọ́ìlì náà. Bírísà ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ kí rọ́bà yìí wọ inú ilé fítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ́ńjìnnì lè máa fa èéfín náà mu padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú mi ti já a kúrò níbẹ̀, ó jẹ́ kó máa rọ̀ wálẹ̀ nítòsí táyà iwájú, níbi tó ti ń ro ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Patirọ̀ọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí òpin rọ́bà náà. Mo gbọ́ tí ó ní, "Hẹ̀ẹ́!"

Ó fi eyín di ètè, ó fà. Nǹkan náà jáde pọ̀ọ́.

Ṣùkù àgbàdo ni. Wọ́n ti fi aṣọ wé e dáadáa, ó ṣe rìbìtì, ó wọ̀ mọ́ ihò náà bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Aṣọ náà jẹ́ búlúù aláró tó ní àmì funfun bí ẹsẹ̀ adìyẹ.

Bàbá náà yí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè wo kẹ́ẹ̀gì epo tó wà nínú búùtù mi tó ṣí sílẹ̀. Ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà, aṣọ búlúù ẹlẹ́sẹ̀ adìyẹ ló sì wé mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ń ta epo ní ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ pé bí a ti ń dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì nìyẹn kí epo má bàa ṣòfò lọ́nà. Ó wo ẹní tí Màmá jókòó sí. Nígbà náà ni mo rántí bí ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ní Ọjọ́rú, èmi tí mo rò pé àdúrà ni.

Patirọ̀ọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ràn yín. Ẹni tó kórìíra ọkọ̀ á da iyanrìn sí i. Kò ní fi sùúrù wé aṣọ báyìí."

"Tíṣà!" Màmá pariwo láti abẹ́ òjìji. "Ṣé ó ti kú? Ẹ sọ fún mi, mo ti gbà."

Mo dúró pẹ̀lú ṣùkù náà lọ́wọ́. Obìnrin yìí ti ń fi ara rẹ̀ bú láti Ìmẹ̀kọ, ó ní orí òun ló burú. Kí n wá sọ fún un pé kì í ṣe orí, ọwọ́ ni? Èmi tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, mo ti ṣùkù náà sínú àpò.

"Ìdọ̀tí ló dí i, Màmá! Kò ní pẹ́!"

"Ìdọ̀tí ni," Patirọ̀ọ́n náà wí sókè, kò sì wò mí lójú.

Kí ẹ má bàa rò pé irọ́ pátápátá la pa, ìdọ̀tí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó tú rọ́bà náà, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́n, ohun tó dà jáde nínú rẹ̀ dúdú, ó nípọn bí ọ̀dà. Ó wá fi orí rẹ̀ padà sínú ilé fítà níbi tó yẹ kó wà, kò sí ẹnu kankan tó tún ń rọ̀ nílẹ̀ mọ́. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó wá ewé náà kiri, ó rí i, ó gbé e lé ẹnu ihò ọ́ìlì.

Ewé náà kò fò. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó rí ọmú.

Ṣábẹ

A sùn sí ilé bàbá náà. Ní òwúrọ̀, ìyàwó rẹ̀ fún wa ní búrẹ́dì tó gùn tó apá àti kọfí nínú abọ́, Màmá sì fi búrẹ́dì náà bọ inú kọfí, ó ní òun kò mọ̀ pé àwọn òyìnbó Faransé ní làákàyè tó báyìí. Orin rẹ̀ ti padà. Ọ̀pá gééjì kò yọjú mọ́ láti Kétu títí a fi rí òkè Ṣábẹ ní ọ̀sán Jímọ̀, òkúta ràbàtà tó yọ gbùù lójú ọ̀run. Òótọ́ ni Màmá sọ. Ó jókòó ti ìlú náà lóòótọ́.

Ẹrù ti wà ní dídì lágbàlá. Obìnrin sísanra kan jókòó lórí àpótí, ó ń já ewé. Ó gbójú sókè. Kò sí ẹni tó sunkún bí mo ti rò.

"Ìwọ lo ṣe tóbi báyìí, Àdùkẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣe gbẹ báyìí! Ta ni kò fún yín lóúnjẹ?"

Wọ́n dì mọ́ra wọn, àpótí náà sì fọ́ lábẹ́ àwọn méjèèjì. Orí ẹrín ni ẹkún wọn ti bẹ̀rẹ̀.

A jẹ iyán pẹ̀lú wàrà tí wọ́n ti fi ewé ọkà bàbà kùn ní pupa. Àwọn ará ilé ń wọlé wá kí "ẹ̀gbọ́n Ìyá wa" lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù mú nǹkan kékeré dání, ẹyin méjì, iṣu kan, àlùbọ́sà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà, mo gbọ́ ohùn àwọn arúgbó méjì yìí bí wọ́n ti ń jà nípa ẹni tó fọ́ ìkòkò ìyá wọn. Lẹ́yìn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò tún fojú kan ara wọn mọ́ láyé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ tó ń lọ Àbíjáàn dúró síwájú ilé. Àdùkẹ́ di Màmá lọ́wọ́ mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbà pé ẹ kò ní lè wá."

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wá," Màmá wí, ó sì na àyà. "Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, mo rí rọ́bà kan lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń ro epo. Ṣé kí èmi máa wo epo kó máa ṣòfò? Mo fi ṣùkù dí i fọ́nfọ́n. Lójú ọ̀nà, gbogbo ẹ́ńjìnnì dàrú, ibi tí mo dí yẹn nìkan ni kò jò. Bí kò bá ṣe ọwọ́ mi yìí, ọ́ìlì kò ní kù nínú rẹ̀ tí yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Àdùkẹ́ gbé ọwọ́ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ tó tọ́ mi náà ni. Ohun tí mo máa gbé lọ sí Àbíjáàn nìyí. N ó máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi."

Ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ mú un lọ, ẹni tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ awakọ̀ ló ń ṣe lọ́hùn-ún, ti fi ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀. Ó dúró. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pẹ̀lẹ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn lóòótọ́?"

Awakọ̀ tó fẹ́ gbé wọn lọ ń fun fèrè. Àwọn arúgbó méjèèjì kọjú sí mi, wọ́n ń dúró de ohun tí mo máa sọ. Mo mọ èsì tí mo fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ká ní ẹ̀yin lẹ dúró níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ?